Ọwọ́ Ọ̀tún Tí Wọ́n Fi Kọ́ Wa Níjó

Bí ìwọ tí ń ka ìwé yìí bá kọ́ ijó bọ́ọ̀lùrúùmù ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ọ̀gá rẹ sì kọ́ ọ pé ọwọ́ ọ̀tún ni kí ọkùnrin nà sí obìnrin tí wọ́n jọ ń jó, àṣìṣe ni wọ́n kọ́ ọ, ẹni tó sì kọ́ ọ mọ̀ pé àṣìṣe ni. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ àṣìṣe náà. Mo fi ọdún méjì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ìyàwó mi sì ń jìyà rẹ̀ lórí orúnkún títí di òní. Wọ́n ti bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́, wọ́n ní ẹnìkan kì í bọ́ aṣọ lára ọ̀gá rẹ̀ ní gbangba. Mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìdákẹ́ náà tó gẹ́ẹ́.

Kí ẹni tí kò mọ ijó náà má baà sọnù, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Nínú ijó yìí, ọkùnrin àti obìnrin a kojú síra wọn, wọn a di ara wọn mú, wọn a sì jọ máa rìn yí gbọ̀ngàn ká bí ẹni pé ara kan ṣoṣo ni wọ́n. Ọkùnrin ló ń darí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lẹ́yìn obìnrin, lábẹ́ eegun èjìká. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló nà jáde, obìnrin a sì fi ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ sínú rẹ̀. Ọwọ́ òsì, mo tún un sọ. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ mi wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ni mò ń gbé, nínú yàrá kan tí a ti ń gbọ́ bí aládùúgbò ṣe ń fọ eyín. Ní ọjọ́ kan mo lọ bá káfíńtà kan ní Takie láti gba tábìlì ìkàwé tí mo ní kó bá mi kàn, mo sì ń gbọ́ orin láti orí òkè ilé náà, orin tí ń ka ara rẹ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta. Mo gun àtẹ̀gùn lọ wò ó. Mo bá àwọn bí ẹni méjìlá tí wọ́n ń yí nínú gbọ̀ngàn kan tí eruku pákó ti bo fèrèsé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì dúró láàárín wọn pẹ̀lú bàtà funfun tí kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Mo gbàgbé tábìlì mi sí ìsàlẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni mo tó padà lọ gbé e.

Ọkùnrin tó wọ bàtà funfun yẹn ló di ọ̀gá mi. Ayàwòrán ìgbéyàwó ni tẹ́lẹ̀. Níbi tó ti ń ya àwòrán ló ti rí i pé tọkọtaya máa ń dúró gbagidi bí òpó nígbà tí wọ́n bá ní kí wọ́n wá jó ijó àkọ́kọ́, ló bá lọ kọ́ ìwọ̀nba tó lè kọ́, ó sì gba gbọ̀ngàn. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: ó ní ìdúró tó wuyì, ó mọ orin gbọ́, ó sì lè mú kí ẹni tí ara rẹ̀ le bí igi rẹ́rìn-ín kó sì ṣí ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní òfin kan, ó kọ ọ́ sára ògiri pẹ̀lú ọ̀dà pupa: OJÚ LA FI Ń KỌ́ṢẸ́, A KÌ Í FI ẸNU KỌ́ Ọ.

Ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rí nílùú wa mọ òfin yẹn, ìbáà ṣe ìránṣọ ni àbí mẹkáníìkì. Ọmọọṣẹ́ kì í bi ọ̀gá léèrè. Ó ń wò ni. Bí ó bá wò títí tí kò rí i, orí rẹ̀ ni kò jí. Mo gbà pé òfin náà ní ìtumọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ délẹ̀. Lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n délẹ̀, ìlẹ̀kùn àtìpa ni.

Láàárín oṣù kejì mo bi í ní ìbéèrè àkọ́kọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí ẹsẹ̀ mi fi ń gbá ti ẹni tí a jọ ń jó ní gbogbo ìgbà tí a bá yí sí ọ̀tún?"

Ó da orin dúró.

"Físíìsì, ṣé kíláàsì lo wà ni àbí ibi iṣẹ́?"

"Ibi iṣẹ́ ni, sà."

"Kí ló wà lára ògiri yẹn?"

Mo kà á sókè bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ọmọọṣẹ́ àgbà, ẹni tó jẹ́ igbá-kejì ọ̀gá bó tilẹ̀ kéré sí mi lọ́jọ́ orí, na ẹnu bọ̀ ọ́: "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, sà. Ìwé ti pọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ jù ni, kò rí ibi tí ijó máa bá wọlé." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ náà ṣì ń dùn mí.

Ẹni tí ẹsẹ̀ mi ń gbá nígbà náà ni ìyàwó mi lónìí. Ọmọ àgbẹ̀ kan láti Ìrẹsà ni. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń kà ní yunifásítì, ó sì mọ ijó jù mí lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Bí orin bá bẹ̀rẹ̀, ọrùn rẹ̀ a gùn, ojú rẹ̀ a kúrò lọ́dọ̀ wa. Ó máa ń sọ fún mi pé òun fẹ́ ní gbọ̀ngàn tòun lọ́jọ́ kan, tí àwọn ọmọbìnrin yóò ti máa kọ́ bí a ti ń dúró láìtẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń sọ iye ebè tó fẹ́ kọ.

Ní ọdún kejì ni orúnkún òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó ń ta kọ́kọ́ nígbà tí a bá yí. Ó lọ sọ fún ọ̀gá.

"Eegun ọmọdé ló ń dún bẹ́ẹ̀," ni ọ̀gá wí. "Ó ń dàgbà ni."

"Sà, mo ti pé ọmọ ọdún méjìlélógún. Ibo ló tún ń dàgbà lọ?"

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó fún un ní ìpara gbígbóná kan, ó sì ní kí orin máa lọ. Mò ń fi òróró pa orúnkún yẹn, mò ń fi aṣọ dì í, a sì ń padà lọ yí i lọ́jọ́ kejì. Èmi tí mò ń kọ́ nípa agbára àti yíyí nínú ìwé ní òwúrọ̀, n kò bi ara mi léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ló ń fa ẹsẹ̀ sí ọ̀nà kan tí ara ń lọ sí ọ̀nà kejì. Òfin ara ògiri ti wọ inú orí mi.

Nígbà tí ọdún mẹ́rin pé, wọ́n ṣe fíríìdọ̀mù fún wa. A kúnlẹ̀, ọ̀gá gbé ọwọ́ lé wa lórí, ó gbàdúrà, ó fún wa ní sátífíkéètì. Kí a tó dìde, a tún tẹ̀ lé e sọ ọ́ pé a kò ní tú àṣírí iṣẹ́. Mo rò pé àṣírí iṣẹ́ ni ohun tí ọ̀gá mọ̀ tí àwọn ará ìta kò mọ̀.

Mo rí iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀yọ́. A ṣègbéyàwó, a sì kó lọ síbẹ̀. Ìyàwó mi gba iṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan tí ń rí sí ọ̀ràn àwọn àgbẹ̀, èmi sì dá ẹgbẹ́ oníjó sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni mo kọ́ wọn, pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún nínà. Mo tilẹ̀ bá wọn wí fún ìbéèrè púpọ̀. Àwọn òbí ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ní mo ti mú ọ̀làjú wọ ọgbà.

Ní ọjọ́ ìfúnni-lẹ́bùn, ìyá àgbàlagbà kan wà láàárín àwọn àlejò. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ó ń gbé ní àdúgbò Òwódé ní Ọ̀yọ́ níbẹ̀, ìjọ Aládùúrà ló ń lọ, kò sì sí ẹni tó rò pé ó mọ ohun kankan nípa ijó àwọn òyìnbó. Nígbà tí àwọn ọmọ mi jó tán, gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́, ìyá yìí nìkan ni kò pa á. Ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣé, mà."

"Ta ló ni ọwọ́ yẹn?"

"Ọwọ́ wo, mà?"

"Ọwọ́ ọ̀tún tí àwọn ọmọkùnrin yẹn nà síta bí ẹni tí ń gba sàárà. Ta ló kọ́ ẹ?"

Mo sọ fún un pé ọ̀gá mi ni, ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé mo ní sátífíkéètì. Ó wò mí láti orí dé bàtà. Ó wá ní, "Mú ìyàwó ẹ tó bá ẹ wá yìí dání wá sílé mi ní Sátidé. Mo rí i bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn."

Nígbà tí ìyá yìí wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí ní ìlú òyìnbó, ó kọ́ ijó yìí lọ́dọ̀ tọkọtaya arúgbó kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ṣe ìdánwò rẹ̀ ní ìpele-ìpele bí ẹni tí ń ṣe ìdánwò nọ́ọ̀sì. Nígbà tó padà dé, kò rí ẹni tí yóò bá a jó. Ọkọ rẹ̀ ní òun kò lè máa sin obìnrin kiri pálọ̀. Ó pa á mọ́ra fún bí ogójì ọdún.

Pálọ̀ rẹ̀ náà ló ti kọ́ wa. Ó ti ti àga sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, sìmẹ́ńtì ilẹ̀ sì ń dán. Ó ní kí n rìn.

"Mo ti ń rìn láti ọmọ ọdún kan, mà."

"Ò ń gbé ara kiri ni. Mo ní kí o rìn."

Oṣù méjì ni mo fi rìn. Ẹ fojú inú wo olùkọ́ tó ní sátífíkéètì, tó ní ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n lábẹ́ ara rẹ̀, tí ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹsẹ̀ fíríìjì, tí ìyá àádọ́rin ọdún sì ń fi igi ìgbálẹ̀ gbá a ní ojúgun. Ó kọ́ mi pé àyà ni í kọ́kọ́ lọ, kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Gìgísẹ̀ ni í kan ilẹ̀ bí a bá ń lọ síwájú. Ẹsẹ̀ tí a fi sílẹ̀ lẹ́yìn ló ń ti ara lọ, ẹsẹ̀ iwájú kò fa ohunkóhun. Ó kọ́ wa pé tọkọtaya oníjó kì í kojú síra wọn gan-an bí ẹni tí ń jà; oníkálukú máa ń yẹ̀ sí òsì ara rẹ̀ díẹ̀, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkùnrin lè rí àyè wọlé láàárín ẹsẹ̀ obìnrin méjèèjì láìgbá ọ̀kankan.

Ohun tó bí mi nínú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ó ń dáhùn. Bí mo bá bi í pé kí ló dé, ó ń sọ ìdí rẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, a ní, "Mi ò mọ̀, jẹ́ ká gbé e wò." Mo bi í ní ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ bi ọ̀gá mi, nípa ẹsẹ̀ tó ń gbá ẹsẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀yin ènìyàn mi, fún ohun tí mo fi ọdún mẹ́rin tijú lé lórí!

Ó pe ìyàwó mi dìde, ó dì í mú bí ọ̀gá ṣe kọ́ wa, ọwọ́ ọ̀tún síta, ọwọ́ òsì lẹ́yìn. Ó ṣí ẹsẹ̀ kan péré, jẹ́jẹ́.

"Wò ó. Ẹni tó kọ́ yín yí ọwọ́ padà, ṣùgbọ́n kò yí ẹsẹ̀ padà. Bí ó bá yí méjèèjì, kò burú, ẹ óò kàn máa jó bí ẹni inú dígí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan ló yí. Ọwọ́ ń fà á sí apá ibí, ẹsẹ̀ ń tì í sí apá ọ̀hún. Kí ló wá wà láàárín?"

Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá orúnkún ara rẹ̀ mú.

Dókítà tó ya àwòrán orúnkún náà lẹ́yìn ìyẹn ní ẹran tó dà bí tìmùtìmù láàárín eegun méjèèjì ti ya. Ó bi í bóyá bọ́ọ̀lù ló ń gbá. Nígbà tí a ṣàlàyé ijó wa, ó ní yíyí ara lórí ẹsẹ̀ tó dúró sójú kan, lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀, tó láti ṣe é. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà ní ó lè rìn, ó lè gun àtẹ̀gùn bó bá fara balẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe retí láti tún jó bí ti tẹ́lẹ̀. Ìyàwó mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí a dé inú mọ́tò, ó ní, "Tíṣà, wa mọ́tò yìí jẹ́jẹ́."

Ó yẹ kí n sọ èyí pẹ̀lú, nítorí ẹni tó fẹ́ tú ẹ̀bi ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ tú tirẹ̀. Lẹ́yìn tí ìyá ti fi àṣìṣe hàn mí, odindi táàmù kan kọjá kí n tó sọ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi. Ojú ń tì mí. Mo ń wá àwáwí, mo ń sọ pé ìdánwò ti sún mọ́lé. Nígbà tí mo wá kó wọn jọ tí mo sọ ọ́, ọmọbìnrin kan ní ìlà iwájú bi mí pé, "Sà, ìgbà wo lẹ mọ̀?" Mo sọ ọ́. Ó wò mí láti orí dé bàtà. Mo mọ ìwò yẹn; ìyá ti wò mí bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu ọ̀nà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo pe ọ̀gá lórí fóònù. Mo ṣàlàyé, mo kí i dáadáa, mo fi ọ̀wọ̀ bò ó. Mo ní mo mọ̀ pé kò lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó ní, "Físíìsì, a máa sọ ọ́." Kò sọ ọ́. Mo tún pè é ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní ìkẹrin, ó ní kí n wá síbi fíríìdọ̀mù àwọn ọmọọṣẹ́ tuntun, pé ojú lọ̀rọ̀ wà, ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù.

Èmi àti ìyàwó mi jọ lọ, ní ọ̀sán Sátidé kan. Ó ní òun kò ní jókòó sílé kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ orúnkún òun níbi tí òun kò sí. A bá ọ̀gá nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn, òun àti ọmọọṣẹ́ àgbà tó ti fìgbà kan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọọṣẹ́ àgbà yìí náà ti ní gbọ̀ngàn tirẹ̀ báyìí, ó ní ọmọọṣẹ́ mẹ́sàn-án.

Mo ti múra láti ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀. Ọ̀gá gbọ́ mi títí, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ní:

"Mo mọ̀."

"Kí lẹ mọ̀, sà?"

"Mo mọ̀ pé ọwọ́ òsì ni. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn."

Ó wá sọ ìtàn rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ kọ́ tọkọtaya kan, tí ọkọ sì na ọwọ́ òsì sí ìyàwó níwájú àwọn ẹbí, bàbá àgbà ìyàwó dìde, ó fi ọ̀pá gbá tábìlì. "Ọwọ́ òsì lo nà sí ọmọ wa? Ṣé ẹrú la fi fún ẹ ni?" Orin dúró. Ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n bi í pé ta ló kọ́ ọ, gbogbo ènìyàn sì yíjú sí ọ̀gá. Ó ní òun kò tíì rí irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ láyé òun. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ló ti yí ọwọ́ padà.

Mi ò lè sọ pé ìtàn yìí kò wọ̀ mí lára. Ọmọ Yorùbá ni mí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ọwọ́ òsì gbé ìwé fún mi, mo máa ń dá a padà. Mo mọ ohun tí bàbá àgbà yẹn rí.

"Ẹsẹ̀ ńkọ́, sà?" ni mo bi í. "Ẹ yí ọwọ́ nítorí àwọn àgbà. Kí ló dé tí ẹ kò yí ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e?"

Ó gbójú sókè bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu.

"Ta ló ń wo ẹsẹ̀? Gáùn ti bò ó."

Mo kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Gáùn ti bò ó! Orúnkún ìyàwó mi wà lábẹ́ gáùn. Orúnkún ọmọbìnrin mélòó ló tún wà lábẹ́ gáùn láti Takie títí dé ibi tí àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ tàn dé? Ìyá wa ní Ọ̀yọ́ ti bá irú ẹjọ́ kan náà pàdé, àwọn àgbà ìjọ rẹ̀ ti bi í nípa ọwọ́ òsì. Ìdáhùn rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbá a mọ́ra, bàbá, ọwọ́ òsì kàn ń la ọ̀nà fún wọn ni." Wọ́n mi orí, wọ́n ní kí ijó máa lọ. Gbólóhùn kan. Ẹni tí kò gbà kí wọ́n bi òun léèrè kò lè mọ bí a ti ń dáhùn.

Ọmọọṣẹ́ àgbà ló kọ́kọ́ bẹ̀ mí. "Bùrọ̀dá mi, ẹ dákun. Ṣé ẹ fẹ́ ba iṣẹ́ wa jẹ́ ni? Èmi ni mo ní ọmọọṣẹ́ mẹ́sàn-án nílé o. Kí ni kí n wí fún wọn?"

"Òótọ́ ni kí o wí fún wọn."

"Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ yìí, ẹ rò pé òótọ́ ń jẹ́ kí ènìyàn jẹun." Ó yíjú sí ìyàwó mi. "Àǹtí, ẹ bá wa bẹ Bùrọ̀dá."

"Orúnkún mi ni kí o bẹ̀," ni ìyàwó mi wí.

Ọ̀gá ní kí n dọ̀bálẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, pé òun ti dárí jì mí. Mo bi í pé kí ni mo ṣe tó ń dárí rẹ̀ jì mí. Ó ní, "Ìgbéraga." Mi ò dọ̀bálẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí àgbà ní kí n dọ̀bálẹ̀ tí n kò ṣe é.

Nínú gbọ̀ngàn, àwọn òbí ti jókòó. Àwọn ọmọọṣẹ́ tuntun ti wọ aṣọ funfun. Àṣà wọn ni kí ọmọọṣẹ́ àtijọ́ kan sọ̀rọ̀ ìyànjú, orúkọ mi sì ti wà lórí ìwé ètò kí wàhálà tó dé. Kò sẹ́ni tó rántí láti yọ ọ́. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé mi lọ́wọ́. Mo sọ ohun tí mo kọ sókè yìí, láìbú ẹnikẹ́ni. Mo sọ ibi tí ẹsẹ̀ yẹ kó wà. Ariwo sọ. Ẹnìkan fa wáyà, ẹ̀rọ kú.

Ìyàwó mi wá dìde. Kò nílò ẹ̀rọ. Ọmọ tó dàgbà sí oko mọ bí a ti ń pe ènìyàn láti ìkangun ebè. Ó rìn lọ dúró níwájú àwọn ọmọbìnrin tó wọ aṣọ funfun, ó bi wọ́n pé:

"Ta ni orúnkún rẹ̀ ń dún nínú yín?"

Ọmọbìnrin kan gbé ọwọ́ sókè, kò gbé e ga. Òmíràn tún gbé e. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹkẹta.

"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà!" ni ọ̀gá ké.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlú wa, ẹ mọ ohun tí ó ṣe yẹn. Mùsùlùmí dákẹ́, onígbàgbọ́ dákẹ́, gbogbo orí tẹ̀ ba. Ta ni yóò máa sọ̀rọ̀ nígbà tí àdúrà ń lọ? Ó gbàdúrà fún ìlú, ó gbàdúrà fún àwọn òbí, ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọ̀tá wọ àárín wa. Ọwọ́ àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta yẹn sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí àdúrà ṣì ń lọ. Mo ti rí ènìyàn tó fi irọ́ bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí ẹni tó fi "àmín" bò ó.

A sọ̀ kalẹ̀. Ó gba ìyàwó mi ní àkókò púpọ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn. Kí a tó dé ìsàlẹ̀, ọ̀gá ti tẹ̀ lé wa jáde, òun nìkan. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Físíìsì. Ẹsẹ̀ yẹn, ṣé o lè fi hàn mí?"

Èmi tí mo ti ń bá a jà nínú ọkàn mi láti ọjọ́ yìí wá, mo yíjú padà sí i lórí àtẹ̀gùn. Ọkùnrin tí bàtà rẹ̀ kò ní àmì rí ń tọrọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọrọ rí. Àánú fẹ́ mú mi. Ìyàwó mi ló dáhùn:

"A máa kọ́ yín, sà. Ẹ kọ́kọ́ pe gbogbo ẹni tí ẹ fún ní sátífíkéètì. Ẹ fi ẹnu yín sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró. Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ wá sí Ọ̀yọ́ ní Sátidé èyíkéyìí."

Ó ní òun yóò rò ó. Oṣù mẹ́fà ti kọjá. Mo bi ọmọọṣẹ́ àgbà, ó ní ọ̀gá kò pe òun. Mo bi méjì mìíràn tí a jọ ṣe fíríìdọ̀mù, kò pe wọ́n. Nínú gbọ̀ngàn Takie yẹn, orin ṣì ń ka mẹ́ta-mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sókè yẹn ń wọ ọkọ̀ wá sí Òwódé ní ọjọ́ Sátidé. Ìyá ń fi igi ìgbálẹ̀ gbá a ní ojúgun. Ìyàwó mi jókòó sórí àga, ó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ síwájú, ó ń sọ fún un ibi tí kó gbé orí sí.

Mo fi ìwé yìí hàn ìyàwó mi kí n tó fi í ránṣẹ́. Ó kà á tán, ó ní, "Tíṣà, ìbínú ẹ ti pé. Kí ni kí ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń dún ṣe lọ́la?" Ó tọ̀nà, nítorí náà mo kọ ọ́ síhìn-ín. Dá ijó dúró lọ́la, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ jẹ́ kí dókítà wo orúnkún náà. Bí ó bá ní o lè padà sí ijó, bi ọ̀gá rẹ níwájú gbogbo ènìyàn pé ibo ni ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkùnrin ń wọ̀, kí sì ni ìdí rẹ̀. Bí ó bá dáhùn, jókòó kọ́ṣẹ́. Bí ó bá na ìka sí ara ògiri, wọ bàtà rẹ kí o sọ̀ kalẹ̀, ìbáà ti ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n fún ọ ní sátífíkéètì.